Ìró Òfì Tí Bàbá Ìyàwó Fọwọ́ Rán

Ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn Mápó níbí. Ẹ mọ̀ pé mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ìránṣọ ni mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àṣé ó ku ẹnì kan!

Aládùúgbò mi ni, Bàbá Sìdíkátù, tí wọ́n wa tírélà títí wọ́n fi darúgbó. Wọ́n gbé òfì wá bá mi, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ti ọwọ́ ahunṣọ wá. Ìyàwó wọn ló rà á lọ́jà Ọ̀jé. Ó ní òun fúnra òun lòun máa rán an pọ̀ di ìró tí Sìdíkátù yóò ró lọ́jọ́ yìgì rẹ̀, àmọ́ ó kú kó tó bẹ̀rẹ̀. Yìgì sì ti dé tán.

Mo ní kí wọ́n gbé e fún télọ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní bí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ò bá sí mọ́, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló kàn, kí n ṣáà kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń rán an.

La bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n di abẹ́rẹ́ mú bí ẹni di sítíárìn mú, wọ́n sì fa òwú gbọọrọ jáde.

“Bàbá, ẹ gé e kúrú. Ewúrẹ́ kọ́ lẹ fẹ́ so.”

“Tíṣà, ẹ rọra o. Ọjọ́ kìíní mi ní sùkúù nìyí.”

Mo fi hàn wọ́n bí a ṣe ń rán etí kan mọ́ èkejì. Wọ́n gbé e lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹnu wọn ò pa dé mọ́. Mo ní kí n na ìró náà, kò nà. Wọ́n ti rán etí tó kẹ́yìn mọ́ ti àkọ́kọ́! Ìró ti di àpò tí kò nídìí.

“Bàbá, báwo ni ọmọ yìí ṣe fẹ́ ró o?”

“Ṣebí yóò kó sínú rẹ̀ ni. Ẹnu tó máa ń là sílẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó tú lára ìyá rẹ̀ nígbà gbogbo. Mo ti dí i.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín?

A tú ibẹ̀. Ìyókù náà wọ́ kọrọkọrọ, ni mo bá fẹ́ tú gbogbo rẹ̀. Bàbá kàn ń wo àlùmọ́gàjí ọwọ́ mi.

Bí Sìdíkátù ṣe wọlé nìyẹn. Ó gba òfì lọ́wọ́ mi, ó ró o. Mo ní kó jẹ́ kí n yí ibi tó wọ́ jù sínú. Ó ní rárá o, ìta gan-an lòun fẹ́ kó wà.

Bàbá wá sún mọ́ mi. “Tíṣà, ṣé àwọn èèyàn á mọ̀ pé èmi ni mo rán an?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Kò sẹ́ni tí yóò rò pé télọ̀ ni.”

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ó yẹ kí tíṣà mọ ìgbà tó yẹ kó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti kọ́ níṣẹ́ ọwọ́ rí tó pa yín lẹ́rìn-ín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa, kí ẹ sì kọ ọ́ dáadáa, torí mo ṣì ń máàkì.