Sípíríǹgì Tó Rọ̀

Òórùn gíríìsì ara sípíríǹgì mọ́tò méjì tí o gbé wọlé yìí ló rán mi létí ìtàn kan, ọmọ mi. Kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Adigbẹ. Lọ́jọ́ kejì, òun àti àwọn awakọ̀ Owódé fẹ́ fi mọ́tò sáré ìje.

"Ọ̀gá, sípíríǹgì tó le ni kí ẹ fi sẹ́yìn," ni mẹkáníìkì wí. "Tí ẹ bá tẹ iná, ìdí mọ́tò ò ní jókòó sílẹ̀. Ẹ ó fi gbogbo wọn sílẹ̀."

Bàbá mi tẹ èyí tó rọ̀ wò. "Èyí ni kí o so."

"Háà! Ṣé mọ́tò ìje ni àbí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó?"

Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ojú sì tì mí. Bàbá mi tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni yà á sílẹ̀!

"Bàbá, ṣé ẹ ò fẹ́ borí ni?"

Ó dúró títí wọ́n fi so sípíríǹgì náà tán. Ó gbé mi jókòó sẹ́yìn, ó wa mọ́tò gba inú kòtò.

"Ṣé ó gbọ̀n ọ́?"

"Rárá."

"Ó dáa."

Òun ló gbẹ̀yìn nínú ìje náà. Síbẹ̀, nígbà tó ń gbé ìyá mi lọ sọ́jà Itori, tí ìyá mi ń sùn fọnfọn, ṣe ló ń súfèé. Inú bí mi, n kò mọ ohun tó ń dùn mọ́ ọn nínú.

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ ìyá mi lára kó tó lóyún àbúrò mi, tó wà nínú rẹ̀ nígbà ìje yẹn.