Àgbàdo Funfun Ìyá Efúnkẹ́

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe lábẹ́ òyìnbó ni kí n máa tẹ àgbàdo lọ́dàá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi fẹ́yàwó.

Lóko ìjọba tó wà lọ́nà Ìkpìnlẹ̀, a máa ń gbin àgbàdo funfun sáàárín ti pupa. Bí òdòdó bá ti fẹ́ là lórí èyí tó funfun, a ó fà á tu kí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ tó dà sílẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú yẹn ni akọ. Irun tó ń yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo ni abo. Nígbà tí a bá ti gba akọ lọ́wọ́ funfun, pupa nìkan ló kù tó lè gbé e níyàwó. Irúgbìn tí wọ́n bá bí ni òyìnbó ń wá: ó ní á lágbára ju ìyá àti bàbá rẹ̀ lọ. Àwọn ará Oko-Àkàrè tó ń kọjá a sì máa bi wá bóyá àgbàdo náà sunkún.

Ìyá Efúnkẹ́ ló ń dáko lódìkejì ọ̀nà. Àgbàdo funfun tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló ń gbìn, òun ló sì fi ń se ègbo fún Òrìṣà lọ́dọọdún. Òrìṣà yẹn kì í gba ohun tó lábàwọ́n. Nígbà ìkórè, ó gbé agbọ̀n kan wá bá mi, ó bó àgbàdo kan: hóró pupa ti yọjú káàkiri láàárín funfun. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti ní kó dáná sun gbogbo rẹ̀, pé Òrìṣà ti kọ̀ ọ́. Irúgbìn mìíràn ò sì sí.

Ó ní, "Ìwọ tó o kàwé l'Ájàṣẹ́, ta ló bá àgbàdo mi sùn?"

Mo nawọ́ sí oko wa. Mo ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ ló gbé lẹ́búlẹ́bú wa kọjá ọ̀nà. Irun kọ̀ọ̀kan ló ní hóró tirẹ̀, hóró kọ̀ọ̀kan ló sì ní bàbá tirẹ̀.

Ó wo àgbàdo náà títí. "Gbogbo ọkọ yìí, nínú èèpo kan ṣoṣo? Èmi tí ọkọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa."

Mo bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ti ń ro nǹkan mìíràn. Ó bi mí bóyá ọmọ pupa lè fara pamọ́ sínú awọ funfun. Mo ní rárá: níbi tí pupa bá ti kan funfun lóko wa, hóró náà á pọ́n. Èyí tó bá funfun nínú àgbàdo rẹ̀, bàbá rẹ̀ funfun.

Ló bá jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ, ó ń yọ wọ́n ní hóró kọ̀ọ̀kan. Pupa di oúnjẹ adìẹ. Òjò àkọ́rọ̀ ló fi gbin funfun. Èmi náà bẹ òyìnbó pé kí a pẹ́ díẹ̀ kí a tó gbin tiwa, kí irun àgbàdo Ìyá Efúnkẹ́ lè gbẹ kí òdòdó wa tó là, nítorí irun tó bá ti gbẹ kì í gba akọ mọ́. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní abilékọ kan wà lódìkejì tí kò fẹ́ àlè.

Lọ́jọ́ ọdún, ègbo Ìyá Efúnkẹ́ funfun bí òwú. Lẹ́yìn tó bu ti Òrìṣà tán, ó bu tèmi.

Ó ní, "Máa jẹ, ọmọ mi. Mo mọ bàbá gbogbo wọn."