Àwòrán Bàbá Mi

Òórùn eruku tó ń gbóná nínú kọ̀ǹpútà gbé mi padà sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyá mi ní Bantè, níbi tí wọ́n ti ń gba orin sínú kílé USB, ohun kékeré tí a fi ń tọ́jú orin àti àwòrán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ki kílé ọkùnrin ará Pira kan bọ ẹ̀rọ, ó sì ki tiwa tẹ̀lé e. Àwòrán bàbá mi tó ti kú, tí a kò ní níbòmíì, kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àrùn ara kílé ọkùnrin yẹn ló ran tiyín." Àbúrò ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi.

Mo yára fa ọwọ́ mi kúrò lórí tábìlì.

Ìyá mi ní, "Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kó má baà ran tẹlòmíì."

Ó pa á rẹ́.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé àrùn yẹn kì í pa àwòrán rẹ́, ńṣe ló ń fi í pamọ́.