Ojú Oórì Ìyá Sàdíátù Lomi Ẹ̀rọ Kọ́kọ́ Dé

Ẹ̀bá kànga ni Ìyá Sàdíátù kú sí. Àárọ̀ Jímọ̀ ni, òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Ẹsẹ̀ wọn yọ̀, orí wọn gbá ẹnu kànga. Okùn tí wọ́n fi ń fa omi ṣì wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí a débẹ̀. Ẹ̀rọ omi tí ìjọba ní kí wọ́n máa retí náà wà níbẹ̀ níwájú ilé, ó dúró ṣánṣán, ó gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀.

A kírun sí wọn lára lẹ́yìn Jímọ̀, a sì sin wọ́n síwájú ilé wọn lọ́nà Alájué, nítòsí ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń nù lójoojúmọ́ yẹn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: wọ́n ń nù ún! Ẹ̀rọ tí kò sun omi rí, wọ́n ń fi aṣọ nu eruku lẹ́nu rẹ̀. Tí mo bá ń kọjá, màá ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí sinmi ná, ẹ ti fẹ́ nù ún tán." Wọ́n á ní, "Teslim ẹlẹ́nu gbọọrọ, ọjọ́ tómi bá dé, o ò ní bu ife kan níbí." Irọ́ ni wọ́n ń pa. Àwọn ló máa ń bu omi kànga fún mi mu tí òòrùn bá mú.

Èmi Teslim, èmi ni mò ń fọ mọ́tò ní òdìkejì ilé wọn. Kò sí ẹni tó mọ mọ́tò fọ̀ jù mí lọ ní Ẹdẹ. Ẹ bi wọ́n léèrè dé Awo, dé Ara. Èmi àti ilé ìwé pínyà ní JSS 2, àwa méjèèjì ló sì dùn mọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi ò fọ́, etí mi ò sì di.

Etí yìí ni mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà Olúgbénga, ọ̀gá iṣẹ́ omi wa, lọ́jọ́ tó wá tọrọ iwájú ilé Ìyá, torí pé ibẹ̀ ni páìpù máa ti ṣẹ́ kọ́nà. Ìyá ní kí wọ́n mú un. Igi òrombó tí ọkọ wọn gbìn, wọ́n ní kí wọ́n gé e. Wọn ò gba owó kankan. Ẹnjiníà wá dúró lábẹ́ igi tó fẹ́ gé, ó ń yangàn:

"Ìyá, páìpù onírin la fẹ́ rì mọ́lẹ̀, kì í ṣe oníke. Irin tí kì í kánjú fọ́ ni. A ó gbẹ́lẹ̀ rẹ̀ jìn, kí típà má baà tẹ̀ ẹ́ pa. A ó tẹ́ yẹ̀pẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, òkúta ò ní kàn án. Ilẹ̀ àbàtà yìí ń mú irin dípẹtà, nítorí náà a ó fi ọ̀rá wé e. Ibi tó bá sì ti ṣẹ́ kọ́nà, a ó da kọnkéré tì í lẹ́yìn, torí omi tó ń sáré bọ̀ á fẹ́ tì í kúrò ní àyè rẹ̀."

Ìyá ní, "Ṣé á pẹ́, ọmọ mi?"

"Ọgọ́rùn-ún ọdún, Ìyá!"

Wọ́n ní, "Kó ṣáà ti bá mi láyé."

Ọ̀rọ̀ dùn. Ọ̀rọ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí Ẹnjiníà fi gbà pé iṣẹ́ ti parí, ó wọ jíìpù, ó lọ. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ ò ju orúnkún mi lọ, ẹ sì mọ̀ pé mi ò ga. Òkúta tí wọ́n hú jáde náà ni wọ́n dà padà lé páìpù lórí. Ọ̀rá tó yẹ kí wọ́n fi wé irin, àwọn òṣìṣẹ́ fi bo àgọ́ tí wọ́n ti ń se ìrẹsì. Ìrẹsì ò dípẹtà, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́. Kọnkéré ńkọ́? Iwájú ibẹ̀ ni mo ń jókòó sí lójoojúmọ́. Mi ò rí kọnkéré, mi ò rí sìmẹ́ǹtì. Àfi tó bá jẹ́ àdúà ni wọ́n fi pò ó.

Ilẹ̀ sàárè Ìyá ò tíì le tán tí wọ́n fi wá ṣí omi. Àlejò pọ̀, kámẹ́rà pọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń ti omi. Ni kọ́nà yẹn bá ké gbàà! Páìpù fò kúrò níbi tí wọ́n ti fi ọ̀kan bọ èkejì, ó yẹ̀ sọ́nà títì. Omi tú jáde. Ilé Ìyá sì wà ní ìsàlẹ̀ títì, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wọ́ lọ, tààrà, sórí oórì.

Ẹ ò rí i bí? Ìjọba mú ìlérí ṣẹ. Ìyá Sàdíátù ló kọ́kọ́ gba omi.

Yẹ̀pẹ̀ ń wọ́ lọ, a sì rí etí aṣọ funfun. Àǹtí Sàdíátù, ọmọ wọn, bọ́ ìbòrí wọn láàárín èrò, wọ́n fi bo ìyá wọn, wọ́n sì dùbúlẹ̀ lé e nínú omi. Àwa ará àdúgbò yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn àlejò ń gbé ṣòkòtò sókè kó má baà tutù.

Mo tẹ̀lé Àǹtí Sàdíátù lọ bá Ẹnjiníà ní ọ́fíìsì. Ó wò wá, ó ní, "Sàárè tí ẹ gbẹ́ ló tú ilẹ̀ tó di páìpù mú. Ẹ gbé òkú yín kúrò lórí ilẹ̀ páìpù ká tó tún ṣí omi."

Àǹtí ní, "Ilẹ̀ páìpù? Ilẹ̀ tí ìyá mi fún yín?"

"Màdáámù, ẹ ò lè mọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnjiníà ni."

Èmi ní, "Ẹnjiníà, ẹ wá síbi iṣẹ́ mi, kí ẹ tẹ rọ́bà omi bíi kọ́nà, kí n tan ẹ̀rọ. Ibi tó tẹ̀ á fò síta, kì í fò sínú. Páìpù yín fò sọ́nà títì, ilẹ̀ apá ibẹ̀ ló yẹ kó dì í mú. Òkú wà lápá ilé. Àbí Ìyá ló dìde ní sàárè, tí wọ́n rọra yípo lọ sójú títì, tí wọ́n fi ọwọ́ fà á?"

Ó ní kí n jáde. Mo jáde, mo wá ń sọ ọ́ síta yìí.

Ìyá Sàdíátù ò ní kúrò níbi tí wọ́n wà. Wọ́n fún yín ní ilẹ̀, wọ́n fún yín ní igi ọkọ wọn, wọ́n dúró dè yín títí kànga fi pa wọ́n. Kí lẹ tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ òkú, àyè tó sùn sí?

Ẹnjiníà, Sátidé tó ń bọ̀, a ó gbẹ́ kọ́nà yẹn lójú gbogbo èèyàn. Ẹ wá, ṣọ́bìrì wà. Tí a bá bá kọnkéré níbẹ̀, màá máa fọ jíìpù yín lọ́fẹ̀ẹ́ títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì, màá sì pa ẹnu mi mọ́. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé ìkejì yẹn ló le jù.

Tí a ò bá bá a, a fẹ́ mọ ẹni tó fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí. Kí ẹni náà kọ́kọ́ tún oórì ṣe, kó da kọnkéré kó tó tún ṣí omi sórí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, kó bọ́ bàtà, kó dúró níwájú Ìyá, kó sọ ọ́ sókè pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Omi ò bá wọn láyé. Ọ̀rọ̀ yẹn, Àǹtí Sàdíátù wà láyé, wọn á bá ìyá wọn gbọ́ ọ.