Bàtà Eré Ìje Tí Mo Fi Ṣe Sàárà

Kàtúùnù àwọn ará Japan ló pa mí lẹ́kún lónìí.

Mo lọ kí Ráṣídà, ọmọ mi obìnrin, nílé ẹ̀ ní Tanke. Ìdí kàtúùnù yẹn ni mo bá a.
"Ìwọ àgbà yìí, kàtúùnù?"
"Mọ́mì, ẹ jókòó wò ó ná."

Nínú kàtúùnù náà, ọmọbìnrin kan fìdí rẹmi nínú eré ìje, ó wá ń kanra mọ́ ìyá ẹ̀. Ìyá náà kàn fọ bàtà tọ́mọ fi ń sáré, ó sá a sójú fèrèsé.

Ráṣídà rẹ́rìn-ín. "Tèmi, sàárà lẹ fi ṣe."

Òótọ́ ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, mo fi bàtà eré ìje ẹ̀ tọrẹ kó lè gbájú mọ́ kéú. Kò sáré mọ́ látìgbà náà.

Mi ò lè fẹnu bẹ̀ ẹ́. Mo kàn fọ bàtà ẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó máa lọ.

Ẹ̀yin ìyá, ṣé ìyẹn tó?