Èèkàn Tí Màmá Mi Fà Tu

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà tí màmá mi pè mí ní Yábà pé ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa ní Sùúrùlérè ti tún ya sínú kànáà. Mo lọ wọ̀n ọ́n. Láti ògiri ilé ìdáná sí etí omi kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án lọ mọ́. Bí ó bá tún ya bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ilé ìdáná á lọ, yàrá màmá mi ló sì tẹ̀ lé e.

Àwọn ará àdúgbò ní ká da kọnkéré sí i. Aládùúgbò wa kan ti ṣe bẹ́ẹ̀. Omi gba abẹ́ rẹ̀, ó sì wó lódidi. Ojú mi ló ṣe. Nítorí náà mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gba àwọn onílẹ̀ nímọ̀ràn lórí ilẹ̀ tó ń ya. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Mi ò gbà á gbọ́ tán, àmọ́ mo fi ránṣẹ́.

Obìnrin kan ni wọ́n rán wá. Ó bu ilẹ̀ sọ́wọ́, ó fọ́ ọ, ó ní yanrìn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ní ká gbin koríko kan tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń jìn gan-an, ká má sì ṣán igbó kékeré tó wà létí omi, torí ó ń di ilẹ̀ mú, àwọn ẹyẹ sì ń yé síbẹ̀. Ó kan èèkàn síbi tí koríko máa gbà, ó kun orí wọn ní ọ̀dà pupa, ó ní òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì.

Màmá mi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo padà síbi iṣẹ́ láìsọ fún un ohun tí èèkàn náà wà fún. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ní Èkó, ta ló rí ọ̀dà pupa lórí ilẹ̀ rẹ̀ tí kò ní ronú katapílà tí ìjọba fi ń wólé? Màmá mi fa gbogbo wọn tu, ó fi wọ́n se ẹ̀wà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, obìnrin náà dé pẹ̀lú àpò koríko.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Èèkàn mi dà?”

“Ó ti jóná. Ilé ọkọ mi lẹ fẹ́ wó?”

“Mà, koríko ni mo gbé wá o.”

“Ìjọba wo ló ń fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́?”

“Ìbéèrè gidi ni, mà. Ṣé ẹ̀wà náà jinná?”

Màmá mi kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà na òòlù sí i: “Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kan tuntun, mà. Èmi á kàn di okùn tí a ó fi tò wọ́n mú.” Màmá mi kan gbogbo wọn fúnra rẹ̀, láìsí ọ̀dà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, a ti gbin koríko náà tán.

Òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì ya sí i. Ó lè jẹ́ koríko ló dì í mú, ó sì lè jẹ́ pé òjò kò tíì le tó ti èṣí. Mi ò lè búra. Ní Sátidé tó kọjá, mo gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí koríko kan. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé èjìká, gbòǹgbò náà ṣì ń lọ sísàlẹ̀.