Omi Tí A Kò Kà Mọ́ Omi

Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni nínú ilé wa nígbà náà pé irú omi wo ni à ń mu, ohun kan náà ni gbogbo wa yóò sọ: omi inú ọ̀rá. Ìgàǹdó là ń gbé, ní àdúgbò tí àgbàrá ti máa ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn, a sì mọ irú ohun tó ń bẹ nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Kànga ọgbà wa, aṣọ nìkan là ń fi omi rẹ̀ fọ̀. Ìyàwó mi kì í tilẹ̀ fi yọ ẹnu.

Ṣùgbọ́n omi kan wà tí a kò kà mọ́ omi. Ìyá mi, tó ti Èkìtì wá bá wa gbé lẹ́yìn ikú bàbá mi, ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa. Kànga wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bí wọ́n bá ti fa omi rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, wọn á gbé e síwájú pẹpẹ, wọn á tan àbẹ́là sí i, wọn á ka Sáàmù lé e lórí. Láti ìgbà náà lọ, kì í ṣe omi kànga mọ́, àdúrà ni. Láràárọ̀ ni Màmá máa ń bu ìdérí ike kan fún mi kí n tó jáde. Èmi, ọkùnrin onírùngbọ̀n, màá la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ, màá gbé e mì. Mùsùlùmí ni ìyàwó mi, Màmá kì í fi lọ̀ ọ́, òun náà kì í sì í sọ̀rọ̀ sí i. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń bára wọn gbé ní àlàáfíà nìyẹn.

Òjò ńlá kan rọ̀ ní ìgbà òjò. Àgbàrá bo gbogbo àdúgbò, ó gbé ohun inú ṣaláńgá àwọn ènìyàn jáde, ó sì fi í sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri nígbà tó fà. Gbogbo wa fi ìgbálẹ̀ àti ọṣẹ bá ẹnu ọ̀nà wa jà. Kò sí ẹni tó rántí kànga ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ibùdókọ̀ Command ni inú ti kọ́kọ́ lọ́ mi, nígbà tí mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mo bẹ obìnrin kan tó ń ta bàtà pé kó jọ̀ọ́ fi ilé ìgbẹ́ hàn mí. Ó wojú mi, ó sì nawọ́ sí ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀. Kí n tó délé, mo ti sọ ara mi di ẹlẹ́gbin. Lẹ́yìn náà èébì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń jáde lára mi kò jọ ìgbẹ́ mọ́, omi tí a fi fọ ìrẹsì ló jọ. Ẹsẹ̀ mi ń le, ohùn mi lọ, ojú mi wọnú. Ojú kọ́kọ́ tì mí, nígbà tó yá n kò ráyè ìtìjú mọ́. Ìyá mi ló ń bọ́ ṣòkòtò mi, tó ń nù mí nídìí, bó ti ṣe nígbà tí n kò ì tíì lè rìn.

Ní ọsibítù, wọ́n ní onígbáméjì ni, wọ́n fa dírípù sí mi lápá. Nọ́ọ̀sì kan tí kò fẹ́ràn àwàdà dúró tì wá.

"Irú omi wo lẹ̀ ń mu nílé?"

"Píọ́wọ́tà ni o, nọ́ọ̀sì," ni Màmá wí. "A ò kí ń mu omi kànga, rárá o."

Ìyàwó mi mi orí. Èmi náà mi orí lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wa.

Nígbà tí ara mi gbé kánkán díẹ̀, torí pé bẹ́ẹ̀dì kò tó, wọ́n ní ká máa lọ. Wọ́n kó ORS fún wa, iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá kékeré tí à ń pò mọ́ omi. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún Màmá: "Omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi pò ó o, Màmá. Omi tó mọ́ dáadáa."

Màmá gbọ́ ọ yékéyéké. Omi wo ló tún mọ́ ju èyí tí wọ́n ka Sáàmù sí lọ? Ó wọ ààwẹ̀ nítorí mi, ó ń fi omi àdúrà ṣínu ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ń fi òun kan náà po oògùn mi. Bí mo ṣe ń mu ún ni inú mi ń ṣí. Mo rò pé ikú ti gbé orúkọ mi dání.

Ìyàwó mi ló ká Màmá mọ́ ibi tó ti ń da omi kẹ́ẹ̀gì sínú jọ́ọ̀gì.

"Ah! Màmá, omi kànga mà nìyẹn!"

"Kànga kẹ̀? Omi àdúrà ni, ìyàwó mi."

"Níbo ni wọ́n ti fa omi àdúrà yẹn, Màmá?"

Mo wà lórí ẹní, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n n kò ní ohùn. Màmá gbé jọ́ọ̀gì sílẹ̀, ó di ikùn mú, ó sì kọjá sí ilé ìgbẹ́. Ìgbà yẹn ló tó yé wa pé láti àárọ̀ ló ti ń lọ tó ń bọ̀. Ó ti ń sọ pé ààwẹ̀ ló ń fọ òun nínú.

Ìyàwó mi sáré gbé èmi àti Màmá lọ sí ọsibítù; bẹ́ẹ̀dì wa sún mọ́ra níbẹ̀. Ìyàwó mi sọ gbogbo rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n wá iṣan Màmá lápá, wọ́n wá a lẹ́sẹ̀, iṣan ti sá wọlé. Nígbà tí wọ́n rí i, omi dírípù kò bá a mọ́. Ara tèmi ń le sí i, tirẹ̀ ń rọ̀. Ó yí ojú sí mi.

"Ọmọ mi, ṣé omi yẹn náà ni?"

"Rárá, Màmá. Oúnjẹ tí mo jẹ níbi iṣẹ́ ni."



"Èmi ò mà jẹun," ó wí. "Ààwẹ̀ ni mo wà."

Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń gbàdúrà. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wọ wọ́ọ̀dù, ó ti kú.

Àwọn àgbà ìjọ dé kànga wọn pa. Wọ́n wá bá wa sunkún, n kò sì bá wọn jà. Inú ṣì ń bí mi. Ó ń bí mi sí òjò, sí àdúgbò yìí, sí ìyá mi tó fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe mí lóore tí n kò bẹ̀bẹ̀ fún.

Ìdajì kẹ́ẹ̀gì ṣẹ́kù ní yàrá rẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n dà á nù, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n àdúrà tí ìyá mi gbà kẹ́yìn ló wà nínú rẹ̀, orí mi ni ó sì gbà á sí. Mo dà á sínú ìkòkò, mo gbé e ka iná, mo jẹ́ kó hó, ó tún hó. Mo dúró tì í títí ó fi tutù. Lẹ́yìn náà mo bu ìdérí ike kan, mo la ẹnu, mo fi ọwọ́ ara mi dà á sí i.